Omi tá a jẹ́ kó ṣàn lọ lóṣù Keje la ń wá kiri lóṣù Kejì

Lóṣù Keje ọdún tó kọjá, màámi pè mí láti Atikori, n'Ìjẹ̀bú-Igbó. Ohùn wọn ti le kí n tó kí wọn tán. "Lọ́yà, o máa bá mi kọ lẹ́tà kan. Lẹ́tà tó gbóná ni mo fẹ́ o." Mo bi wọ́n pé ta ni ká kọ ọ́ sí, wọ́n ní Àlàájà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ni. Kí ni Àlàájà ṣe? Òrùlé wọn ló ń da omi sínú ọgbà wa. Gbogbo ìgbà tí òjò bá ti rọ̀, ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ilé Àlàájà a máa já lu ìdí ògiri ilé ìdáná wa. Omi náà ti gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ di kòtò, ògiri sì ti ń sán.

Ká sọ tòótọ́, ẹjọ́ màámi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lábẹ́ òfin tá a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn ò kàn lè kọ́ òrùlé tí omi ẹ̀ á máa dà sórí ilẹ̀ ẹlòmíì, àyàfi tó bá ní ẹ̀tọ́ kan lórí ilẹ̀ náà. Ilé ẹjọ́ lè ní kó dá omi ọ̀hún dúró, kó sì tún san owó gbà-má-bínú.

Àmọ́ mi ò kọ lẹ́tà yẹn. Ìdí ni pé mo rántí oṣù Kejì ọdún yẹn kan náà. Lóṣù Kejì, ìjà mìíì ni màámi àti Àlàájà ń jà. Kànga ilé wa ti gbẹ. Tí wọ́n bá ju korobá sí i, ẹrẹ̀ ló ń gbé bọ̀. Ilé Àlàájà ló ní kànga dẹ̀rọ, àmọ́ iná Nẹ́pà ò sí, epo tí wọ́n máa rọ sí jẹnẹrétọ̀ sì ti gbówó lórí. Àlàájà ní kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta péré lòun lè fún ilé wa lójúmọ́. Màámi ní kí làwọn fẹ́ fi kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ṣe, nígbà tí ọmọ-ọmọ mẹ́ta ń lọ sílé ìwé lọ́dọ̀ àwọn. Ọ̀rọ̀ di "ṣé torí omi lẹ ṣe ń wò mí báyìí?" Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó wà ní JSS 2, ló wá ń jí láago márùn-ún ìdájí lọ pọn omi lọ́nà jíjìn. Ọjọ́ tó pẹ́ dé ilé ìwé lẹ́ẹ̀kẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní kó lọ gé koríko.

Ẹ wò ó dáadáa. Lóṣù Kejì, àwọn ìyá méjì yìí ń jà torí omi tí kò sí. Lóṣù Keje, wọ́n tún ń jà torí omi tó pọ̀ jù. Ilé kan náà, òrùlé kan náà, èèyàn kan náà. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ò ju èyí lọ: ìjà kan ṣoṣo ni ìjà méjèèjì, gọ́tà àti táńkì ló sì lè parí ẹ̀, kì í ṣe lẹ́tà lọ́yà.

Tẹ́ ẹ bá sọ fún ará Sókótó pé omi ń wọ́n wa n'Ìjẹ̀bú-Igbó, á rò pé ẹ̀ ń fòun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Orúkọ ìlú náà ti sọ ọ́ tán, Ìjẹ̀bú tó wà nínú igbó ni. Kòkó ń so níbẹ̀, gẹdú wà níbẹ̀, odò Ọ̀ṣun ò sì jìnnà sí wa. Láti oṣù Kẹta títí dé oṣù Kẹwàá lòjò ń rọ̀, á sinmi díẹ̀ lóṣù Kẹjọ, á tún padà wá. Òjò tó ń rọ̀ lágbègbè wa lọ́dún kan tó nǹkan bíi 1,500 mílímítà. London tí gbogbo wa ń pè ní ìlú òjò, tí àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ti jápa ń ti ibẹ̀ ráhùn pé òjò ò jẹ́ káwọn rímú mí, nǹkan bíi 600 péré ló ń rí lọ́dún. Òjò tiwa ju tiwọn lọ ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ omi wọn ò dákẹ́ lóṣù Kejì.

Ẹ kọjá sí Ogun Waterside, níbi tí omi ti yí àwọn èèyàn ká, odò níwájú, ọ̀sà lẹ́yìn, òkun nísàlẹ̀. Omi ọ̀sà tó bá ti pàdé òkun, iyọ̀ ti wọ̀ ọ́, kò ṣeé mu. Èèyàn lè jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi kó máa wá omi tó máa mu. Ẹ tún padà sí Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí Olabisi Onabanjo University wà, ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ìta ọgbà léèrè bí ìdánwò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ṣe máa ń rí. Kẹ́ẹ̀gì ló máa kọ́kọ́ gbé kó tó gbé ìwé.

Nítorí náà, àìsí òjò kọ́ ni ìṣòro wa. Àìsí ibi tá a ń tọ́jú ẹ̀ sí ni.

Àwọn baba wa mọ èyí. Agboolé àtijọ́, wọ́n kọ́ ọ yí àgbàlá ká ni, òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á dagun sínú. Tí òjò bá ti ń rọ̀, omi á máa já sí àárín àgbàlá, wọ́n á to ìkòkò àti àmù sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ilé yíyà ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní impluvium, torí pé àwọn ará Róòmù àtijọ́ náà kọ́ ilé wọn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ilé ìyá àgbà mi ò ní irú àgbàlá yẹn mọ́, àmọ́ dúrọ́ọ̀mù méjì wà lábẹ́ páànù, pẹ̀lú páànù kan tí wọ́n tẹ̀ bíi kòtò tó ń darí omi sínú wọn.

Òfin méjì ni ìyá àgbà ní lórí dúrọ́ọ̀mù yẹn. Àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bu omi àkọ́rọ̀ mu, torí òun ló ń fọ eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù. Ìkejì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀ láìdé e. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo rí i kà pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní orúkọ ńlá fún òfin àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n ń pè é ní first flush. Ìyá àgbà ò gbọ́ orúkọ yẹn rí títí wọ́n fi wọ káà ilẹ̀. Ṣùgbọ́n inú wa ò run.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí àwọn dúrọ́ọ̀mù yẹn? Ojú ló tì wá. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ gọ́tà àti táńkì wọ orí WhatsApp ẹbí wa, ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó ló kọ́kọ́ dáhùn: "Ṣé o fẹ́ kí màámi máa mu omi orí páànù bí ẹni tí ò lọ́mọ ni?" Ẹ gbọ́ nǹkan tí wọ́n sọ. Wọn ò sọ pé omi òjò ò dáa. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé omi òjò, omi tálákà ni. Kànga dẹ̀rọ ló ń fi hàn pé ọmọ yín ń ṣe dáadáa.

Mi ò bú kànga dẹ̀rọ o. Tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ re, tó jìnnà sí ṣáláńgá, tí iná sì wà tó máa fa omi jáde, nǹkan ńlá ni. Àmọ́ ẹ wo ilé Àlàájà. Omi wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ẹ̀rọ wà, táńkì wà lókè, síbẹ̀ wọ́n ń wọn omi ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì fún aládùúgbò, torí ohun tó ń gbé omi wá sókè ti di ohun tápá ò ká. Òjò ní tiẹ̀, òkè ló ti ń bọ̀. Kò béèrè iná, kò béèrè epo.

Ẹ mú kalikulétọ̀ inú fóònù yín jáde, ká jọ ṣírò ẹ̀. Mílímítà òjò kan tó bá rọ̀ sórí ibi tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan, lítà omi kan ni. Ká ní òrùlé ilé yín gùn ní mítà 10, ó sì fẹ̀ ní mítà 10. Òjò ńlá kan tó mú mílímítà 20 wá á da lítà 2,000 sórí ẹ̀. Ká yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò fún èyí tó ta dànù, lítà 1,600 ló kù. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mélòó nìyẹn? 64. Òjò ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣe é. Tá a bá ṣírò ti ọdún kan gbáko, ó ń lọ sí lítà 120,000.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní lítà 50 sí 100 ló yẹ kí èèyàn kan rí lò lójúmọ́. Ilé tí èèyàn márùn-ún wà, tí kálukú ń lo lítà 50, á lo lítà 91,250 lọ́dún. Ẹ ò rí i pé òrùlé yẹn ń da omi tó ju èyí tí wọ́n nílò lọ dànù?

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Òjò kì í rọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn tó le níbí máa ń tó oṣù mẹ́rin, ká pè é ní 120 ọjọ́. Kí ilé yẹn tó lè fi omi òjò nìkan la ẹ̀ẹ̀rùn já, wọ́n nílò ibi tó máa gba lítà 30,000. Owó ńlá ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jáwọ́ nìyí, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ omi òjò, ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà. Ta ló ní omi òjò lẹ gbọ́dọ̀ fi da ilé ìyàgbẹ́? Omi mímu àti omi oúnjẹ ò ju nǹkan bíi lítà márùn-ún lọ fún ẹnì kan lójúmọ́. Fún èèyàn márùn-ún, lítà 25 nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 120. Lítà 3,000. Táńkì kan tó máa ń wà níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ohun èlò ilé kíkọ́ nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ẹ jẹ́ kí kànga àti odò máa ṣiṣẹ́ aṣọ fífọ̀ àti ilé ìyàgbẹ́, kí ẹ sì ti omi òjò pa fún ẹnu àti ìkòkò ọbẹ̀. Ìyẹn ni ọmọ JSS 2 ò fi ní máa jí láago márùn-ún.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Brazil náà nìyẹn. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ láti kọ́ mílíọ̀nù kan àmù sìmẹ́ńtì fún àwọn ará oko tó ń gbé níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba lítà 16,000, omi mímu àti omi oúnjẹ ni wọ́n sì ní kí wọ́n máa fi ṣe. Ní Thailand, láàárín ọdún 1980 sí 1990, ìjọba àtàwọn ará abúlé jọ mọ ìkòkò sìmẹ́ńtì tó ń gba lítà 1,000 sí 2,000, ó sì di ohun tí èèyàn ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé káàkiri abúlé wọn. Erékùṣù Bermuda ò lódò, òfin ibẹ̀ ló sọ pé kí ilé máa gba òjò láti orí òrùlé sínú táńkì. Kò sẹ́ni tó ń pe ará Bermuda ní tálákà.

Báwo lẹ ṣe máa ṣe é tí kò fi ní di àìsàn? Òfin ìyá àgbà ṣì ni. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ fọ òrùlé, ẹ má gba nǹkan kan nínú ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, níbẹ̀rẹ̀ òjò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ da lítà 50 nù, ó kéré tán, fún òrùlé tá a ṣírò lẹ́ẹ̀kan yẹn. Púlọ́ńbà lè fi páìpù kan tó dúró lóròó ṣe é, omi ìdọ̀tí á kọ́kọ́ kún inú páìpù yẹn kí omi tó mọ́ tó wọ táńkì. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé, kí ewé àti ẹ̀fọn má ráyè. Táńkì dúdú tó ní ìdérí ló dáa, torí tí oòrùn bá ń wọnú omi, ewédò á hù. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ẹ̀rọ ga díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ táńkì, kó má baà máa fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ẹ fọ táńkì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Omi tẹ́ ẹ bá fẹ́ mu, ẹ jẹ́ kó hó gùdùgùdù fún ìṣẹ́jú kan. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń tú èéfín lẹ̀ ń gbé, tàbí òrùlé yín ti dípẹtà tàbí tó jẹ́ asbestos tó ti gbó, ẹ fi omi ẹ̀ fọṣọ, ẹ má mu ún.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí ló ń gbé ilé ayálégbé n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó, ẹ ti ń sọ pé "lọ́yà, mi ò lórùlé." Òótọ́ ni. Àmọ́ onílé yín lórùlé, ẹ̀yin náà sì ń dá owó omi lóṣooṣù. Tí àwọn ayálégbé mẹ́fà bá dá owó omi oṣù bíi mélòó kan jọ, ó lè ra gọ́tà àti táńkì. Kí ẹ tó náwó, ẹ gba ìmọ̀ràn òfin kan lọ́wọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́: ohun tí èèyàn bá kàn mọ́ ilé, ó lè di ti onílé. Gọ́tà tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ òrùlé, ẹ lè má rí i tú lọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń kó jáde. Táńkì tó kàn jókòó sílẹ̀ fúnra ẹ̀, tiyín ló máa ń jẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú onílé: ta ló rà á, ta ló ń tún un ṣe, ṣé wọ́n máa yọ ọ́ nínú owó ilé. Ojú ìwé kan tó.

Àwọn kan ti ń bi mí bóyá ìjọba lè wá sọ lọ́la pé tiwọn lomi òjò. Òfin tó wà nílẹ̀ ni Water Resources Act ti ọdún 1993. Ó fi omi orí ilẹ̀ àti omi abẹ́ ilẹ̀ tó bá kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀, ó sì gba èèyàn láyè láti bu omi lò nínú ilé àti fún ẹran ọ̀sìn níbi tí odò bá ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, láìsan kọ́bọ̀. Mi ò rí ibì kankan nínú ẹ̀ tó ní kẹ́ ẹ lọ gba ìwé àṣẹ kẹ́ ẹ tó gbé korobá sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀.

Ìbéèrè tó le jù ni ti ọ̀rẹ́ mi kan: "Tá a bá ti ń gba omi òjò fúnra wa, ṣé a ò ti gba ìjọba sílẹ̀ nìyẹn?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí mo mọ ohun tí òfin sọ. Abala 20 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀. Ó dùn ún kà. Àmọ́ orí kejì ìwé òfin yẹn ló wà, abala 6(6)(c) sì ti ìlẹ̀kùn ilé ẹjọ́ mọ́ orí kejì yẹn. Ẹ ò lè torí ẹ̀ nìkan pe ìjọba lẹ́jọ́ pé ẹ̀rọ omi ò yọ. Lóṣù Keje ọdún 2010, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni omi. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2018, Ààrẹ Buhari kéde pé ọ̀rọ̀ omi ti di pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Gbogbo ìkéde yìí dáa. Kò tíì sí èyí tó kún kẹ́ẹ̀gì nínú wọn.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó ní omi nílé ló lágbára láti bá ìjọba fa ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń jí láago márùn-ún lọ pọn omi ò ráyè kọ̀wé sí káńsẹ́lọ̀. Ẹ jẹ́ ká sì béèrè ohun tó ṣeé ṣe. Ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní Íńdíà, láti ọdún 2003 lòfin ti ní kí gbogbo ilé máa gba omi òjò. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn tó ń fọwọ́ sí pílánù ilé lè ní kí gbogbo ilé tuntun ní gọ́tà àti ibi tí wọ́n máa gbé táńkì sí. Kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwé ìjọba. Òrùlé ilé ìwé gùn ju ti ilé ẹnikẹ́ni lọ, gbogbo omi orí ẹ̀ ló sì ń ya kòtò sójú ọ̀nà, tí àwọn ọmọ inú kíláàsì ń gbé omi láti ilé wá fọ ilé ìyàgbẹ́.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ láàárín màámi àti Àlàájà? Mo padà kọ lẹ́tà kan, àmọ́ àdéhùn ni, ojú ìwé kan. Lóṣù Kẹjọ, nígbà tí òjò ń sinmi, mo lọ sílé, mo kó àwọn méjèèjì jókòó. A kan gọ́tà mọ́ òrùlé Àlàájà lápá ọ̀dọ̀ wa, ibi tí ìjà ti ń wá gan-an. Omi ẹ̀ wọ táńkì onílítà 3,000 tó jókòó nínú ọgbà wa. Ilé méjèèjì ló ń mu ún. Àwọn ọmọ Àlàájà ra gọ́tà, àwa ra táńkì. Gbogbo ẹ̀ pọ̀, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí wọ́n bù fún wa fún kànga dẹ̀rọ. Ògiri ilé ìdáná ti dákẹ́.

Mi ò ní parọ́ fún yín, táńkì yẹn ò la ẹ̀ẹ̀rùn já. Ilé méjì ń mu ún, a ò ṣírò ìyẹn dáadáa. Lẹ́yìn náà, ọdún Kérésì dé, gbogbo wa rọ́ wálé, àwọn kan sì fi omi mímu wẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kìíní, táńkì ti ń dún gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún padà sí kẹ́ẹ̀gì, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló fi pọn omi, kì í ṣe oṣù mẹ́rin. Màámi ti ra kọ́kọ́rọ́ sí ẹnu ẹ̀rọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àkọ́rọ̀ rọ̀ n'Ìjẹ̀bú-Igbó. Fóònù mi dún, màámi ni. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn. "Lọ́yà, òjò ti rọ̀ o. Mo ti jẹ́ kí tàkọ́kọ́ dànù. Èmi àti Àlàájà ń béèrè, ìgbà wo lo máa ra táńkì kejì?"